Píjó Bàbá Mi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé Lẹ́sẹ̀

Ọjọ́ kan ń bẹ tó kọ̀ tí kò tán lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ọjọ́ tí mo fi ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ni. Títí di òní, bí mo bá rí bọ́ǹpù, òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù, lójú ọ̀nà, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Aró ni mo mọ̀, n kò mọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi jáde láyé, ó fi Píjó àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí imú rẹ̀ gùn tí iná iwájú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń ronú. Òun ló ń gbé bàbá mi lọ síbi iṣẹ́ ní Ewékorò láràárọ̀, òun náà ló ń gbé e padà pẹ̀lú eruku sìmẹ́ńtì lórí. Ọkọ̀ náà ga. Kò sí kòtò tó lè dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nínú ọgbà wa, ewé ń já lé e lórí, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo rí fídíò kan lórí fóònù mi.

Nínú fídíò yẹn, àwọn òyìnbó kan mú ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tun, wọ́n kùn ún ní dúdú tí kì í dán, wọ́n wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé bó bá ń lọ, ńṣe ló ń rápálá bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Mo wò ó, mo tún un wò. Oníbàárà kan dúró níwájú mi, ó ń bèèrè pé èló ni aṣọ, n kò dá a lóhùn. Ìfẹ́ ọkọ̀ yẹn ti kó sí mi lórí.

Mo gbé Píjó lọ bá Músílí, ọ̀dọ́kùnrin mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́nwá. Mo fi fídíò náà hàn án. Ó wo fóònù, ó wo ojú mi.

"Àǹtí, ṣé ọkọ̀ yìí ṣẹ̀ yín ni?"

"Músílí, mo fẹ́ kó lọ sílẹ̀ bíi ti inú fídíò yìí ni."

Ó họ orí. "Ó dáa. N kò ṣe irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kí ló wà nínú gígé? Gígé náà ni gígé ń jẹ́."

Ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti gba kọ́kọ́rọ́ mi kí n máa lọ. Inú mi ló ń dùn ní tèmi, pé mo rí ẹni tó gbọ́ mi yé.

Músílí gé irin lílọ́ tó ń gbé ọkọ̀ náà sókè, ó gé e níwájú, ó gé e lẹ́yìn. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó dí gbogbo ibi tó ti dógùn-ún. Wọ́n kùn ún, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi fúnra mi ni mo mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi rán ìjókòó rẹ̀, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ìkánjú kò jẹ́ kí n ṣan án tó bó ṣe yẹ. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà pé wọn kò ṣan aṣọ dáadáa!

Ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Músílí gan-an ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ìyá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo wí, Alhaja tó ti ń ta aṣọ ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ pátápátá. Èkejì, nǹkan funfun ti bò ó, òjìji èèyàn lásán ló ń rí. Dókítà kan wà tó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Alábàtà, òun ló fẹ́ ṣí i fún un. Kì í sábà wá, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ojú Ìyá kò sì lè dúró de ìgbà mìíràn mọ́.

"Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe é," ni Ìyá wí. "Mo gbọ́ pé o ti tún ọkọ̀ àbúrò mi ṣe. Òun ni mo fẹ́ gùn lọ."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká wọ tákísì."

"Tákísì wo? Ọkọ̀ yẹn ni àbúrò mi fi ń gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí mo bá ti wọ inú ẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀."

Ta ló máa sọ fún un pé ọkọ̀ náà alára ti balẹ̀?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá jáde nínú aṣọ funfun báláú, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ dání, nítorí kì í lọ síbi kankan láìsí i. Ó na ọwọ́ síbi tó mọ̀ pé ọwọ́ ilẹ̀kùn máa wà, afẹ́fẹ́ ló bá. Mo fà á lọ́wọ́ wálẹ̀. Ó fẹ́ jókòó, ìdí rẹ̀ ń lọ, ń lọ, kò tètè bá ìjókòó. Nígbà tó bá a, gbì!

"Págà! Ṣé ilẹ̀ ni mo jókòó sí ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ìjókòó tuntun ni. Ó rọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ogbó dé nìyí. N kò mọ̀ pé mo ti kúrú tó báyìí."

Kí a tó kúrò ní Ìtòkú ni a ti bá bọ́ǹpù àkọ́kọ́ pàdé. Mo rọra gun ún. Nǹkan kan ha nísàlẹ̀ wa, kẹrẹrẹ, bí ẹni ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò. Eyín mi kan.

"Kí nìyẹn?" ni Ìyá bèèrè.

"Òkúta ni, Ìyá."

"Òkúta pọ̀ nílùú wa lóòótọ́," ó dáhùn, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Bọ́ǹpù kejì kò gbà rárá. Mo padà sẹ́yìn, mo tún lọ, ikùn ọkọ̀ kọ́ ọ. Ìgbà náà ló wá sí mi lọ́kàn pé bí Ìyá bá bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á fúyẹ́, á sì gbéra díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Irọ́ tó wá sí mi lẹ́nu kò gbọ́n.

"Ìyá, dókítà ní kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ojú."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Dókítà yẹn gbọ́n o."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá dé bọ́ǹpù, màá mú Ìyá sọ̀, màá mú un kọjá, màá fi í dúró lẹ́bàá ọ̀nà, màá sáré padà lọ wakọ̀, màá yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gun bọ́ǹpù bí alákàn, màá tún ki Ìyá wọlé. Àwọn ọlọ́kadà ń wò wá. Ní Àṣẹ́rò, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì kí wa, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ṣé ọkọ̀ ló ń gbé yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń sin ọkọ̀?" N kò wo ojú rẹ̀. Oòrùn ti ń gòkè. Mo ń wo oòrùn, mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo ojú Ìyá tó kù kan yẹn nínú díńgí.

Ní Ọbáńtokò, kòtò kan tí mi ò rí fa sálẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ya lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà bú ramúramù. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn lẹ́bàá ọ̀nà fò dìde, wọ́n fọ́n ká. Omi inú kẹ́tù dà sórí ìjókòó.

"Omi ti dà sí mi ní ìdí," ni Ìyá wí.

"Ó máa gbẹ, Ìyá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí àdìrẹ tí mi ò ṣan. Mo rántí aṣọ funfun báláú. Ìyá ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn. "Gbọ́ bó ṣe ń dún! Ọkọ̀ àbúrò mi tún ti lágbára sí i!"

A dé ilé ìwòsàn. Mo rí géètì, mo fẹ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí bọ́ǹpù tí wọ́n fi kọ́ńkéré mọ síwájú géètì, ó ga bí ẹ̀yìn ràkúnmí. A ti pẹ́. N kò lè tún mú Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ pé bísímílà, mo tẹ iná sí i. Iwájú ọkọ̀ kọjá. Ikùn rẹ̀ jókòó lé bọ́ǹpù. Táyà ń yí, a kò lọ, a kò bọ̀, ọkọ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, a sì ti dí géètì pa.

Ọkọ̀ kan dé ẹ̀yìn wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù. Kò dákẹ́. Ìyá yọ orí lójú wíńdò, ó yíjú sẹ́yìn, ó pariwo:

"Ta nìyẹn tó ń tẹ fèrè sí àgbà létí? Ṣé ilé rẹ ń jó ni? Dókítà mi ń dúró dè mí nínú ilé, n kò pariwo, ìwọ wá ń pariwo!"

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá. Ó tẹrí ba lójú wíńdò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni dókítà yín."

Ìyá rọra fa orí padà wọlé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣeun fún ìrìn tẹ́ ẹ ní kí n máa rìn, Dókítà. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo rìn ín."

Dókítà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

A mú Ìyá jáde. Nọ́ọ̀sì tó wá pàdé wa káwọ́ lérí. "Màmá, ṣé ẹ ṣubú ni? Gbogbo ẹ̀yìn yín ti di búlúù!"

"Aró ni," mo ní, ohùn mi kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. "Àdìrẹ mi ló ń yọ àwọ̀."

Ẹ̀ṣọ́ géètì wá, àwọn ọlọ́kadà wá láti gbé ọkọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí dókítà náà tó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń gbé e, iṣan ọrùn rẹ̀ ti le. Mo figbe ta. "Dókítà! Ẹ fi í sílẹ̀! Ọwọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ojú Ìyá mi nìyẹn!"

Ó pẹ́ jù. Wọ́n ti gbé e kúrò. Ó ń gbọn ọwọ́ méjèèjì nù, òróró dúdú kún wọn, mo sì rí i dájú pé ìka rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe lo àkókò tí wọ́n fi wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó, mo dìde. Mo na ọwọ́ tèmi síwájú, mo ń wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n. Mo bi ara mi pé, bí Ìyá bá jáde tí kò ríran mọ́, kí ni màá sọ fún ẹbí? Pé mo rí ọkọ̀ kan nínú fídíò?

Dókítà jáde nígbà tó yá. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi, ó dúró ṣinṣin. "Ọwọ́ mi kò gbọ̀n," ó ní. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí." Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wọ́n tú báńdéèjì tí wọ́n fi di ojú Ìyá ní ọjọ́ kejì. Ìyá ṣẹ́jú, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá wò mí.

"O ti rù."

"Láàárín àná sí òní ni, Ìyá."

Mo mú un jáde. Músílí ti wá fi wáyà so sálẹ́ńsà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ náà rápálá síwájú ilé ìwòsàn, ó dúdú, ó rẹwà, gẹ́gẹ́ bíi ti inú fídíò.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ti Bàámi ni, Ìyá."

Ó yí i ká, ó fi ọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ti ń retí èpè.

"Àbúrò mi ga," ó ní, "ọkọ̀ rẹ̀ náà ga. Ta ló ní kó dọ̀bálẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi fẹ́ jáde lójú tuntun náà, tí nọ́ọ̀sì ń pariwo pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. "Ó rẹwà o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mi ò ríran ni mo gùn ún wá. Ojú mi ti là báyìí. Pe kẹ̀kẹ́ Márúwá fún mi."

Mo pe Márúwá. Mo tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn délé, èmi nìkan, lórí àdìrẹ tútù.

Ọkọ̀ náà ti padà dìde dáadáa. Músílí wá irin mìíràn fi sí i, ó ní gíga náà ni gíga ń jẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju pé kí èèyàn tó gé ẹsẹ̀ ohun tó ń gbé e, kó kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó ya fídíò yẹn kò mọ Ọbáńtokò. Bí mo bá sì ń sọ ìtàn yìí fún èèyàn, tó bá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo máa ń fi ọwọ́ di àyà mi mú.