Àtàǹpàkò Mi Lábẹ́ Òkun

Bí mo bá tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo wọ abẹ́ òkun Mẹditaréníà. Tíṣà ni mí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ya ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, sójú pátákó láìfojú kàn án rí. Ọmọ kan bi mí nígbà kan bóyá ó máa ń ṣẹ́jú. Mo ní kó lọ wò ó nínú ìwé. Èmi náà ò mọ̀.

Káyọ̀dé, àbúrò mi, ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Mọ́ltà. Ó ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, òun á ṣètò kí wọ́n mú mi lọ síbi àpáta abẹ́ òkun tí ẹran náà ń gbé. Nígbà tí màmá wa gbọ́ nílé ní Àgùdà, wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe Mélítà inú Bíbélì nìyẹn, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́?” Mo ní ibẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á máa gbàdúrà. Èmi ní tèmi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Sùúrùlérè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo ti lè la omi náà já láìjẹ́ pé àwọn èèyàn dìde wò mí.

Nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà, olùkọ́ tó máa mú mi wọlẹ̀, ọkùnrin ará Mọ́ltà kan tí Òyìnbó rẹ̀ ń sáré, ń ṣàlàyé bí a ó ṣe máa fi ọwọ́ bára wa sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, torí páìpù tí a fi ń mí máa wà lẹ́nu wa. Ó wù mí kí n gbọ́. Àmọ́ omi náà mọ́ débi pé mò ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú abọ́. Ojú mi wà nínú omi, orí mi ń mì bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé.

Aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń wọ omi ni mo kọ́kọ́ fi tẹ́. Mo wọ̀ ọ́ sódì, mo fa síìpù rẹ̀ sáyà, mi ò sì lè mí mọ́. Káyọ̀dé àti awakọ̀ ló bó o kúrò lára mi bí ẹní ń bó ẹ̀gẹ́. Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ kò wọ omi. Ẹ̀rù òkun ń bà á láti kékeré.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo gbàgbé ìtìjú. Koríko ń jó nínú omi, ẹja kéékèèké ń kọjá lójú mi láìbẹ̀rù. Olùkọ́ yíjú sí mi, ó so àtàǹpàkò mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, ó sì gbé e sókè. Òdo! Èmi tí mò ń fún ọmọ ọlọ́mọ lódo, ṣé mi ò ní í mọ̀ ọ́n? Mo wò ó pé kí ni mo ṣe tí kò dáa. Mo na àtàǹpàkò mi sókè gbọnrangandan kó lè mọ̀ pé mò ń ṣe dáadáa. Ló bá dì mí lápá, ó mú mi lọ sójú omi.

Ó bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní kò sí. Ó ní kí n má bẹ̀rù, a tún wọlẹ̀. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: kéèyàn wọlẹ̀ díẹ̀, kó jáde wá kí ẹnì kejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fún mi lódo. Mo tún na àtàǹpàkò, a tún bá ara wa lójú omi.

Ìgbà kẹta ni mo rí i. Inú ihò àpáta ló wà, àwọ̀ rẹ̀ bí òkúta, kó tó di pé ó rọra na ẹsẹ̀ kan síta, tí ojú rẹ̀ wò mí. Ayọ̀ gbé mi. Mo na àtàǹpàkò méjèèjì sí olùkọ́, mo ń jù wọ́n sókè léraléra. Kí n tó mọ̀, ó ti gbá mi mú, ó di inú ọkọ̀, wọ́n fi aṣọ bò mí, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Káyọ̀dé kúnlẹ̀ tì mí.

“Àǹtí mi, kí ló ń dùn yín?”

“Inú mi ló ń dùn.”

Ó tú ọ̀rọ̀ mi fún olùkọ́. Olùkọ́ wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: lábẹ́ omi, ẹni tó bá na àtàǹpàkò sókè ń sọ pé kí wọ́n gbé òun jáde. Èyí tí mo pè ní òdo, òun ni wọ́n fi ń béèrè pé ṣé àlàáfíà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká padà. Ó ní afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà tí a gbé sẹ́yìn ò tó mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá ń mi orí sí mi ní kíláàsì, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Mo máa ń ní kó dìde, kó tún ohun tí mo sọ sọ fún mi. Ẹni tí ò bá gbọ́, kó béèrè. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ lọ. Bó sì ṣe wù kó rí, mo rí ọ́kítópọ́ọ̀sì, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà a sì máa dùn mí lápá kan. N kò tíì mọ̀ bóyá ó máa ń ṣẹ́jú.