Bàálù Tí Mo Fún Ní Omi Àdúrà Mu

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi sin èmi náà. Ọjọ́ yẹn ni mo wọ agbádá, mo dé fìlà abetí-ajá, mo jókòó sínú bàálù tí mo fi owó ara mi rà, tí ẹbí ìyàwó mi sì na ọrùn sókè ní Iléṣà, tí wọ́n ń retí mi láti ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí arúgbó bíi tèmi, tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, ṣe di oníbàálù. Fẹlísíà ìyàwó mi ló kú. Ilé wa ní Dàda Estate l'Óṣogbo wá dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ kò sí mọ́, ọbẹ̀ náà kò sì dùn mọ́. Ọmọ Iléṣà ni àwa méjèèjì, ibẹ̀ la sì sin ín sí. Nígbà ayé rẹ̀, bí a bá dé orí òkè tí a ti ń wo páànù ilé Iléṣà nísàlẹ̀, ó máa ń sọ pé, "Bàbá Bọ́lá, òkè ló yẹ kéèyàn ti máa wo ìlú yìí." Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lẹ́bàá sàréè rẹ̀, tí mo kéde lójú gbogbo ẹbí pé, lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ bá pé, tí wọ́n bá yí i ká, òkè ni n ó gbà wá, n ó sì da òdòdó lé e lórí. Ìbànújẹ́ a máa jẹ́ kéèyàn sọ ohun tó ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Lọ́rì ni mo fi rówó láyé. Mo ta lọ́rì, mo fi ra bàálù olóyè kan tó ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta àga tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì kan ló ní, ìjókòó mẹ́rin, ó sì dàgbà ju Bọ́lá àkọ́bí mi lọ. Pápá bàálù àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú la gbé e sí, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti fẹ́ẹ̀ gba ojú ọ̀nà tán.

Bánkọ́lé, awakọ̀ òfurufú tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbà láti máa wà á fún mi, kó sì máa kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bi í pé, "Kápútéènì, họ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Kò ní họ́ọ̀nù, Bàbá."

"Báwo la ṣe ń rífáàsì?"

"A máa sọ̀ kalẹ̀, ká tì í sẹ́yìn ni."

Mo wò ó títí. Lọ́rì tó gbó jù nínú èyí tí mo tà kò tẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni pé, tí ó bá ń rìn nílẹ̀, sítíárì kì í darí rẹ̀. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń darí rẹ̀. Ọwọ́ mi ti bá sítíárì dàgbà, ẹsẹ̀ mi ò sì mọ̀ ju kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì lọ. Mo yí nǹkan náà sọ́tùn-ún títí apá fi ń ro mí, bàálù ń lọ tààrà bí ọmọ tí kò gbọ́ràn.

Síbẹ̀, àdúgbò ti sọ mí di Bàbá Oníbàálù. Ṣẹ̀yẹ tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń wọ takisí lọ sí ọ́fíìsì ní Àbẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, dá mi dúró lẹ́nu géètì. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti ń kọjá, ẹ kàn já mi sí Àbẹ̀rẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Mo ní n ó wò ó.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọdún Fẹlísíà pé, mo ronú pé a kò tíì fọ ọkọ̀ yìí. Ta ló ń gbé ọkọ̀ jáde láìfọ̀ ọ́, láìgbàdúrà sí i? Mo pe Àáfà Mùráínà, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé Òṣogbo. Mo sì pe Pásítọ̀ Jòsáyà, tó sin ìyàwó mi. Bánkọ́lé nìkan ni mi ò pè.

Àáfà gbé ìgò omi tó ti kéwú sí jáde. "Ẹ fún un mu," ó ní. "Ọkọ̀ tí kò bá mu omi àdúrà, ara rẹ̀ lásán lẹ fọ̀."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wa lọ́rì, omi ni mo kọ́kọ́ ń bù sí radiétọ̀ láàárọ̀. Mo wá radiétọ̀ bàálù tì. Ìdérí tí mo rí, orí apá ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo gun àkàbà, mo ṣí tọ̀tún.

"Àáfà, epo ló ń rùn níbí o."

"Ṣé àdúrà a máa ba epo jẹ́ ni?"

Mo da gbogbo ìgò náà sí i. Nígbà tí mo wolẹ̀, ojú Pásítọ̀ ti le.

"Bàbá Bọ́lá, ṣé ti Jésù ni kò ní wọlé?"

Òróró ló gbé dání. Kí ìjọ ìyàwó mi má bàa bínú, mo gbé àkàbà lọ sápá òsì. Bàálù mi wá di ẹlẹ́sìn méjì: apá ọ̀tún Mùsùlùmí, apá òsì Kìrìsìtẹ́nì. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Bánkọ́lé dé. Kí bàálù tó gbéra, a máa ń fa epo díẹ̀ láti abẹ́ apá sínú ife tó mọ́ gaara, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fà á, ó sì gbé e sókè sí oòrùn.

"Bàbá, omi ti wọ epo yìí."

"Kì í ṣe omi lásán. Omi àdúrà ni."

"Apá òsì ńkọ́?"

"Òróró ló wà nínú ìyẹn."

Ó jókòó sórí táyà. "Bàbá, ẹ́ńjìnnì ò lẹ́sìn. Epo nìkan ló gbà gbọ́." Ó ní a ò lè fò lọ́jọ́ náà, àfi ká da gbogbo epo náà nù. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ wá dúrọ́ọ̀mù.

Kò tíì jìnnà tí fóònù mi fi dún. Mosún, àbúrò Fẹlísíà, ni. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ dé? Ọrùn ti ń wọ́ wa o! Màmá Dọ́káàsì ìjọ ti juwọ́ sí àṣá kan, wọ́n rò pé ẹ̀yin ni."

"Mo ti wà lójú ọ̀nà," mo ní. Ojú ọ̀nà bàálù ni mo wà lóòótọ́.

Mo wo òdòdó tí mo kó sórí ìjókòó. Mo ro ti Fẹlísíà, tí mo ṣèlérí fún. Kọ́kọ́rọ́ sì wà níbẹ̀. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Mo yí i, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Mo fún un ní iná, bàálù ń sáré lọ nílẹ̀, inú mi ń dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sósì. Ọwọ́ ni mo fi yí i sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ mi kàn wà nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ àlejò. Ó ya kúrò lọ́nà, ó wọ oko ẹ̀gẹ́, ó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ lọ bí ẹni tí wọ́n háyà fún iṣẹ́ náà. Lójijì ló húkọ́, ó tún húkọ́, ó kú, táyà iwájú sì rì sáàárín ebè.

Rábíù tó loko dúró tòun ti ọkọ́ rẹ̀. "Bàbá, ṣé ibi tẹ́ ẹ ń lọ nìyí?"

Bánkọ́lé sáré dé, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣèṣe, ó ní, "Ikú ẹ́ńjìnnì yìí ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ kú. Ká ní ó gbé yín kúrò nílẹ̀ kó tó kú ni, ẹ̀yin àti ìyàwó yín là bá jọ máa ṣèrántí lọ́dún tó ń bọ̀."

Takisí ni mo wọ̀ dé Iléṣà. Àwọn èèyàn ṣì wà lẹ́bàá sàréè, wọ́n ń fọwọ́ ra ọrùn. Mo ròyìn fún wọn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

"Alhamdulilahi!" Àáfà Mùráínà, tí òun àti Pásítọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀, pariwo. "Omi mi ló dá a dúró!"

"Omi wo?" ni Pásítọ̀ Jòsáyà wí. "Òróró ni! Apá òsì ló fà sí, àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí sàréè ìyàwó mi, oníkálukú ń jẹ́rìí sí ìgò tirẹ̀. Mosún ní, "Ẹ̀gbọ́n, òdòdó tẹ́ ẹ ní ẹ máa mú wá dà?" Òdòdó ti kù sínú bàálù. Ohun tí mo mú dé kò ju ewé ẹ̀gẹ́ tó há sí fìlà mi lọ. Mo yọ ọ́, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, mo fi í lé Fẹlísíà lórí. Ìgbà náà ló yé mi: inú ilẹ̀ la tẹ́ ẹ sí, èmi ń wá a lọ sójú ọ̀run. Mo gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀yìn wò, èmi ni. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, ẹni tó bá fẹ́ kí òkú rẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn lọ, kó kúnlẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wá bàálù rà, kó wá rí mi. Ọ̀kan wà lóko Rábíù, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mi ò rò pé bàálù kan wà láyé tó gbàdúrà jù ú lọ.