Ẹjọ́ "Wá Jẹun" Níwájú Olórítún

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tí ìgbìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín jábọ́ lórí àga. Ààfin tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ọba o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ọba sí wa lẹ́nu. Ilé Olórítún ni, olórí àdúgbò wa nínú Ìjẹ̀bú-Òde. Àmọ́ nítorí pé ilé náà ní òpó mẹ́rin níwájú àti àga ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ pupa wọ̀, ààfin ni gbogbo wa ń pè é, bàbá náà kò sì bá wa jiyàn rí.

Tiwaladé ni olùpẹjọ́, ọmọ Ibefun, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì lò ní yunifásítì. Ó gbé báàgì rẹ̀ wọ ààfin, ó ti di gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí ó ti pinnu pé bí ẹjọ́ kò bá gbe òun, Ibefun ni òun ń padà sí tààrà. Ìwé tó fi ìdánwò àṣewọlé ẹ̀ẹ̀mejì wá, tí màmá rẹ̀ tìtorí rẹ̀ jó ijó ọpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ṣe tán láti fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lé e lọ náà jókòó ní òdìkejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́: Aaron, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imusin, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Ìyá Déọlá, onílé wọn, ló kó àwọn méjèèjì wá.

"Ọmọ, kí ni ẹ̀sùn rẹ?" Olórítún béèrè.

Tiwaladé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀kọ́ ilé pọ̀ lára ọmọ yìí jù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́ báyìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó dákú ni, wọ́n sáré wá omi.

"Bàbá, gàrí mi ló tán."

"Ta ló jí i?"

"Wọn ò jí i, Bàbá. Wọ́n jẹ ẹ́ ni."

"Ta ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́?"

Tiwaladé wolẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

Olórítún yíjú sí onílé. "Ìyá Déọlá, ṣé ara ọmọ yìí yá?"

"Ẹ jẹ́ kó rò ó, Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò."

Tiwaladé dìde, ó gbọn eruku nù. "Bàbá, bọ́kẹ́ẹ̀tì gàrí méjì ni màmá mi kún fún mi. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi, èyí tó kan dáadáa. Wọ́n di ẹja díndín mọ́ ọn, wọ́n di ẹ̀pà mọ́ ọn, wọ́n ní kó gbé mi dé òpin sẹ́mẹ́sítà. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í jẹun lójú ẹlòmíràn kó má pè é. Nítorí náà, bí mo bá ti rẹ gàrí tán, mo máa ń ní, 'Aaron, wá jẹun.'"

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló máa ń dáhùn?"

"Kì í dáhùn, Bàbá. Ó máa ń wá ni."

Ààfin mí kanlẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ní "wá jẹun", "á gba ibi ire" ni èsì rẹ̀? Ẹni tí ebi ń pa gan-an á dúró kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, á sì ṣe bí ẹni tí wọ́n fi agbára mú.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń pè é?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá! Ó tilẹ̀ máa ń mú ṣíbí tirẹ̀ dání!"

"Ṣíbí!" Olóyè Olúyọmí pariwo. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ìwé kékeré kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò lọ jẹun níbòmíràn?" Olórítún béèrè.

"Mo lọ, Bàbá. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo bu ìwọ̀nba tó kù, mo yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo jókòó sẹ́yìn táǹkì omi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnì kankan. Mo gbàdúrà. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ṣíbí sẹ́nu báyìí, ẹnu mi ṣàdédé sọ ọ́."

"Ó sọ kí ni?"

"'Ẹ wá jẹun.'"

"Ta lo pè?"

"N kò pe ẹnikẹ́ni, Bàbá! Alángbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ohùn Aaron láti ojú fèrèsé: 'Mò ń bọ̀ o!'"

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olóyè Olúyọmí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún. Tiwaladé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ebi ń pa á, ojú ń tì í, àárò ilé ń sọ ọ́, kò sì mọ èwo ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Aaron," Olórítún pè é, "ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"Gàrí ni mo jẹ, Bàbá. N kò jẹ̀bi."

"Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní 'á gba ibi ire' nílé yín ni?"

"Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ mi, Bàbá. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, Tiwaladé ní kí n wá jẹun. Mo ní á gba ibi ire. Mo jókòó, mo ń wo gàrí náà títí tó fi gba ibi ire tán, ni mo bá fi ebi sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bi ara mi pé, ibo gan-an ni ibi ire yìí wà? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bàbá, ikùn mi ni."

Olóyè Mọ́ṣádé, ìyá kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀, fi ìborùn bo ẹnu, ó ń húkọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

"Ó tún kù o," Aaron ní. "Oṣù mẹ́rin ni Tiwaladé fi jù mí lọ. Àgbà pè mí, kí n ní n kò wá? Ṣé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn?"

"Ìwọ kò gbé oúnjẹ wá láti Imusin ni?"

Ẹ̀rín ẹnu Aaron dínkù díẹ̀. "Mo gbé ewùrà mẹ́jọ wá, Bàbá."

"Níbo ló wà?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!" Ìyá Déọlá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti hù! Ìtàkùn rẹ̀ ti gun irin fèrèsé mi. Mo rò pé ó gba yàrá náà láti fi dáko ni."

"Kí ló dé tí o kò sè é?"

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, Bàbá. Nílé wa, inú àwo ni mo ti máa ń bá a."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Àbúdù ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn.

"Bàbá, ara ògiri ni mo ti máa ń gbọ́ 'wá jẹun' yẹn. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè gan-an, ó sì máa ń dùn. Ẹni tó pe èèyàn tọkàntọkàn ni."

"Irọ́ ńlá!" Ìyá Déọlá ní. "Jẹ́jẹ́ ni Tiwaladé máa ń wí i, bíi kí etí má gbọ́."

"Àbúdù, ṣé o bá wọn jẹ níbẹ̀ rí?"

"Èmi? Láéláé! N kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn rí."

Olórítún mi orí. "Ó dára. Wọ́n ní gàrí náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó dùn o, Bàbá. Ó kan jù díẹ̀ ni, àmọ́ ẹja yẹn..."

Àbúdù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Ìwọ náà, Àbúdù?" Tiwaladé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Nígbà wo?"

"Nígbà tí o lọ pọn omi ni. O ti ní 'wá jẹun' kí o tó jáde, o kò sì dárúkọ ẹnì kankan."

"Ẹlẹ́rìí jẹ níbẹ̀," Olóyè Olúyọmí ní, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Bàbá, lójú tèmi, ẹjọ́ yìí kò le. Ìkíni ni 'wá jẹun'. Bí mo bá kí àgbẹ̀ pé 'ẹ kú iṣẹ́', ṣé kó gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́ ni?"

"Ìkíni kọ́!" Olóyè Mọ́ṣádé ní. "Ìpè ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni 'wá', ọ̀rọ̀ ìṣe ni 'jẹ'. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní Yorùbá."

"Ẹjọ́ la ní ká dá, Ìyá Olóyè, ẹ ń kọ́ wa ní gírámà."

"Ẹni tí kò mọ gírámà, irú ẹjọ́ wo ló fẹ́ dá?"

Ibi tí wọ́n ń bá a bọ̀ nìyí tí ìyàwó Olórítún fi gbé ìkọ́kọrẹ́ wọlé, ewùrà rírin tí wọ́n fi ẹja sè. Aago kan ti lù, ẹjọ́ kò sì tíì sí tó lè sún oúnjẹ ọ̀sán bàbá yìí síwájú. Ó ṣí àwo, òórùn ẹja àti edé gba gbogbo ààfin. Olórítún gbé ṣíbí, ó wo yíká bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

"Ẹ wá jẹun o."

"Á gba ibi ire, Bàbá!" Gbogbo ilé dáhùn pọ̀, ohùn Tiwaladé ló sì lọ sókè jù.

Kí wọ́n tó pe "ire" tán, Aaron ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó ti yọ ṣíbí láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní, ó bu tirẹ̀.

 Ìyá Déọlá gbá àyà mú. Ṣíbí Olórítún dúró lójú òfuurufú fún ìgbà díẹ̀. Kí ni kó ṣe? Òun ló pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, Aaron ń jẹ, ìgbìmọ̀ ń wò wọ́n. Ẹja tó tóbi jù lọ nínú àwo, Olórítún fi ojú sìn ín títí tó fi wọ ẹnu Aaron.

"Ó dùn, Bàbá," Aaron ní. "Ó jọ ti màmá mi."

Olórítún ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Tiwaladé ló ń wò.

"Ọmọ Ibefun, nígbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

"Lánàá, Bàbá. Ní ọ̀sán."

"Ebi kò wá pa ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

Inú rẹ̀ kùn lójú ẹsẹ̀, ó kùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Déọlá fi bẹ abẹ́ àga wò bóyá ológbò ló wọlé.

Olórítún nu ẹnu. "Ó tó. Mo ti rí ìdí ẹjọ́. Aaron, o kò parọ́ kankan, àmọ́ ojú kì í tì ọ́. Tiwaladé, ojú ń tì ọ́ ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn ló sọ ọ́ di òpùrọ́. O pe ẹni tí o kò fẹ́ kó wá. O tún kọ ohun tí ebi rẹ̀ ń pa ọ́. Irọ́ méjì nìyẹn."

Tiwaladé tún dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, kí o gbọ́ ìdájọ́. Ewùrà mẹ́jọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aaron ni yóò máa bó o, òun ni yóò máa rin ín, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa yún. Tiwaladé, ṣé o mọ̀ ọ́n sè?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ìwọ ló máa dúró tì í, wàá kọ́ ọ. Bó bá sì jinná, Aaron nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ 'wá jẹun' nínú yàrá yẹn títí sẹ́mẹ́sítà fi máa parí. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o fi 'á gba ibi ire' dá a lóhùn, ọ̀sẹ̀ kan ni wàá fi gbá ààfin yìí. Ní ti Àbúdù, níwọ̀n ìgbà tí kò dé ẹnu ọ̀nà wọn rí, ìta ni yóò ti máa bá wọn fọ ìkòkò."

Olóyè Olúyọmí gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, àṣà wa ńkọ́? Bí gbogbo ẹni tí wọ́n pè bá ń jókòó sídìí àwo, ibo là ń lọ?"

Olórítún fi ṣíbí tọ́ka sí àwo ìkọ́kọrẹ́ náà.

"Olúyọmí, ọdún kẹjọ rèé tí àbíkẹ́yìn mi ti lọ sí Kánádà. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń wá síbí, ojoojúmọ́ ni mò ń pè yín sídìí àwo yìí, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ní á gba ibi ire. Ìyàwó mi ṣì ń se oúnjẹ ẹni méje, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se díẹ̀. Èmi àti òun nìkan là ń jẹ ẹ́. Òní ni ẹnì kan kọ́kọ́ jókòó."

Olóyè Olúyọmí pa ìwé kékeré rẹ̀ dé. Ìyàwó Olórítún, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, yíjú sẹ́yìn, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú.

"Tiwaladé," Olórítún ní, "wá jẹun."

Tiwaladé la ẹnu láti fèsì. Ó rántí ìgbálẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó. Aaron sún fún un, ó fi ṣíbí ti ẹja tó kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ náà gbóná, ó sì jọ ti Ibefun délẹ̀délẹ̀. Tiwaladé gbé ṣíbí kìn-ín-ní sẹ́nu, omi sì dà lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé?" Olóyè Mọ́ṣádé béèrè.

"Ata ni, Mà."

"Irọ́ kẹta nìyẹn," Olórítún ní, ó ń bù sí i fún un. "Àmọ́ mo forí èyí jì ọ́."