Dírẹ́bà Di Oníkámẹ́rà

Yàrá ìránṣọ kékeré kan, lọ́sàn-án gangan. Télọ̀ jókòó sẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà fídíò tuntun kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ ìwẹ̀.

DÍRẸ́BÀ: Àbúrò, gbé ojú sókè. Mo fẹ́ ya ẹ́.

TÉLỌ̀: Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán aṣọ yìí, ẹ ò gbọdọ̀ ya á.

DÍRẸ́BÀ: Ta ló ń sọ̀rọ̀ aṣọ? Fídíò ni mo fẹ́ ya!

TÉLỌ̀: Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà? Ẹ jẹ́ kó tiẹ̀ gbó ná.

(Dírẹ́bà mí kanlẹ̀.)

DÍRẸ́BÀ: Gbọ́ mi. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa fẹ́ kọjá níbí láìpẹ́, ìlú tí ọmọ ẹ wà ló ń lọ. Ìwọ lo ní o ò lè pe ọmọ ẹ lórí fóònù.

TÉLỌ̀: Ojú ló ń tì mí. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí mo ní kó má pè mí mọ́.

DÍRẸ́BÀ: Ó sì gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Ó bímọ lóṣù tó kọjá, lẹ́nu nọ́ọ̀sì lo ti gbọ́, o ò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó o fi sá wọlé. Ó dáa. Sọ̀rọ̀ sínú kámẹ́rà yìí, màá yọ káàdì inú ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó parí. Mo fẹ́ gbà ẹ́ sílẹ̀.

TÉLỌ̀: Lọ́wọ́ ta?

DÍRẸ́BÀ: Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀!

TÉLỌ̀: Ohùn mi ò sí ní àhámọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ọ̀fun mi ló wà.

DÍRẸ́BÀ: Dúró bẹ́ẹ̀, má mira. Mo ń fà ẹ́ mọ́ra.

(Télọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di máṣíìnì mú.)

TÉLỌ̀: Ẹ má fà mí! Orúnkún ọ̀tún yìí ò tíì san.

DÍRẸ́BÀ: Kámẹ́rà ló ń fà ẹ́, kì í ṣe èmi! Wò ó, ojú ẹ ti kún inú ẹ̀. Wínníwínní ló ń rí nǹkan. Tí eṣinṣin bá bà síbẹ̀, wàá ka irun ẹsẹ̀ ẹ̀.

TÉLỌ̀: Ìhunjọ ojú mi wá ńkọ́? Ẹ sọ fún un kó gbójú fo díẹ̀.

DÍRẸ́BÀ: Kì í gbójú fo nǹkan kan. Ojú ẹ̀ rèé, òun ni kó o máa wò. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní.

TÉLỌ̀: Olójú kan ń rí irun ẹsẹ̀ eṣinṣin, èmi olójú méjì n ò rí ihò abẹ́rẹ́! Báwo la ṣe máa mọ̀ tó bá ti ń gbọ́ mi?

DÍRẸ́BÀ: Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wà lójú títì lò ń bi? Iná kékeré kan wà níwájú ẹ̀. Tó bá tan pupa, ó ti dúró. Tó bá tan àwọ̀ ewé, ó ń lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

TÉLỌ̀: Ìwé tó bá a wá náà sọ bẹ́ẹ̀?

DÍRẸ́BÀ: Ìwé wo? Ta ló ń kàwé kó tó wakọ̀? (Ó ṣí kámẹ́rà. Iná tàn.) Àwọ̀ ewé! Ó ti ń lọ. Sọ̀rọ̀!

(Télọ̀ dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ le gbagidi bí pákó.)

TÉLỌ̀: Èmi, ìyá rẹ, ń kí ọ. Ara mi le. Ojú ọjọ́ dára. Máṣíìnì ń ṣiṣẹ́. Mo kí ọkọ rẹ. Ó dìgbà.

DÍRẸ́BÀ: Ìròyìn lò ń kà ni? Ìyá kì í bọ́mọ sọ̀rọ̀ báyẹn! (Ó tẹ bọ́tìnnì.) Ó ti pupa, mo ti dá a dúró. Jókòó. Kí lo fẹ́ sọ fún ọmọ ẹ gan-an?

(Télọ̀ jókòó. Ó bọ́ bàtà.)

TÉLỌ̀: Ó dá yín lójú pé ó ti dúró?

DÍRẸ́BÀ: Kò tiẹ̀ lè gbéra. Pupa fòò ni.

TÉLỌ̀: Tí mo bá ní kí n sòótọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé fóònù. Màá wo nọ́ńbà ẹ̀ títí, màá tún gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ọkọ ẹ̀ ni mo bínú sí. Ọmọkùnrin yẹn dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń súfèé nídìí oúnjẹ. Ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń lọ ló ká mi lára. Mo rò pé tí mo bá bínú dáadáa, kò ní lọ mọ́. Ó sì lọ.

DÍRẸ́BÀ: Ẹ̀wù ọmọ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ńkọ́?

TÉLỌ̀: Ẹ ti rí i? Méje ni. N ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, mo kàn ń rán an ṣáá. Mo fẹ́ gbé ọmọ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ń yún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un o.

(Dírẹ́bà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.)

DÍRẸ́BÀ: Ẹnu mi kọ́ ló máa ti gbọ́ ọ.

TÉLỌ̀: Mo mọ̀. Ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ sì ń ṣe bí ẹni mọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò tún sí ẹlòmíì tí mo lè bá sọ ọ́.

DÍRẸ́BÀ: O ṣé, àbúrò mi. (Ó ronú díẹ̀.) Dúró ná, kí lo ní mi ò mọ̀?

TÉLỌ̀: Ẹ tẹ̀ ẹ́, kó máa lọ!

(Dírẹ́bà tẹ bọ́tìnnì. Iná padà di àwọ̀ ewé. Télọ̀ tún fò dìde, ó tún le gbagidi.)

TÉLỌ̀: Èmi, ìyá rẹ, ń kí ọ. Ojú ọjọ́ ṣì dára.

DÍRẸ́BÀ: Ó tó, ó tó! Wá ká jọ wò ó.

(Ó ṣí ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà bí ẹni ṣí fèrèsé. Wọ́n forí korí. Ohùn Télọ̀ jáde ketekete: “Ọmọkùnrin yẹn dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń súfèé nídìí oúnjẹ...”)

TÉLỌ̀: Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní pupa ni!

DÍRẸ́BÀ: Pupa náà ni! Bóyá... bóyá níbi tí wọ́n ti ṣe é, apá kejì títì ni wọ́n ń gbà.

TÉLỌ̀: Ẹ pa á!

DÍRẸ́BÀ: Mo ti pa á. (Kámẹ́rà ń sọ̀rọ̀ lọ.) Kò kú ni.

TÉLỌ̀: Ẹ nù ún kúrò níbẹ̀!

(Kò dúró de ìdáhùn. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ ń ra ojú kámẹ́rà kíkankíkan.)

DÍRẸ́BÀ: Kí lò ń ṣe?

TÉLỌ̀: Mò ń nù ún!

DÍRẸ́BÀ: O kàn ń jẹ́ kó mọ́ sí i ni!

(Fèrè ọkọ̀ dún níta.)

DÍRẸ́BÀ: Nọ́ọ̀sì nìyẹn. Gbogbo ojú ọjọ́ tó o kà, kò sí nínú ẹ̀ rárá. Èyí nìkan ló gbà. Ṣé kí n ní kó máa lọ?

(Ojú ara rẹ̀ ni Télọ̀ ń wò nínú kámẹ́rà, pẹ̀lú gbogbo ìhunjọ rẹ̀. “Ọwọ́ mi ń yún mi,” ni ó ń wí. Fèrè tún dún.)

TÉLỌ̀: Èmi nìyẹn?

DÍRẸ́BÀ: Ìwọ ni.

TÉLỌ̀: Mo mà jọ ìyá wa o. Ká ní ìyá wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí, eré ni ǹ bá sá wálé.

(Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó kó ẹ̀wù méjèèje sínú báàgì, ó já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ró gbàmù níta. Ọkọ̀ gbéra. Télọ̀ wọlé padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.)

DÍRẸ́BÀ: O fún un ní káàdì?

TÉLỌ̀: Mo fún un.

DÍRẸ́BÀ: Kámẹ́rà wá dà?

TÉLỌ̀: Káàdì wà nínú ẹ̀.

DÍRẸ́BÀ: Mo ní òun fúnra ẹ̀ dà?

TÉLỌ̀: Ó wà nínú mọ́tò.

DÍRẸ́BÀ: Mọ́tò dà?

TÉLỌ̀: Ó ti lọ.

DÍRẸ́BÀ: Àbúrò! Káàdì tí ò ju èékánná lọ ni mo ní kó o fún un!

TÉLỌ̀: Mo wá a títí, n ò rí i. Ẹ̀yin náà, ibo ló wà lára ẹ̀?

(Dírẹ́bà yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wò.)

TÉLỌ̀: Obìnrin ni, ẹ̀gbọ́n! Mo jẹ́ kí nọ́ọ̀sì parí ọ̀rọ̀ lónìí. Mo ní kó sọ fún ìyá ẹ̀ pé kó máa fi kámẹ́rà yẹn ya ọmọ náà fún mi, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń ké, bó ṣe ń yán. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fo ìkankan.

(Dírẹ́bà jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga máṣíìnì.)

DÍRẸ́BÀ: Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dá ọmọ náà sí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà mi, ìgbà wo ló máa padà wá?

TÉLỌ̀: Ẹ fọkàn balẹ̀. Tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n rìn, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa fi gbé e wá fún yín.