Ọjọ́ tí Alága Ààbò Wá Mú Ọmọ Nílé-Ìwé

Bí ẹ bá rí agbádá kan tó ń gba géètì ilé-ìwé wa wọlé, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Alàájì Sàkàrìyáù nìyẹn, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa tó wà láàárín Ẹgbẹ́dá àti Gowon Estate. Sìmẹ́ńtì ló ń tà ní Ìkòtún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ní dárúkọ sìmẹ́ńtì rárá. Yóò ki ọwọ́ bọ àpò, yóò sì fún yín ní káàdì.

Káàdì náà tó ohun tí èèyàn ń jókòó kà. Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ bíríkìlà. Olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Alága èyí, igbákejì alága tọ̀hún. Nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn káàdì kún, ó ní kí wọ́n kọ ìyókù dábùú sí ẹ̀gbẹ́. Àwa òbí náà ní orúkọ tí à ń pè é tí kò sí nínú káàdì: A-sọ̀rọ̀-má-jókòó. Síbẹ̀, èèyàn burúkú kọ́. Òun ló ra páànù tí wọ́n fi bo kíláàsì mẹ́ta. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ọmọ tó jókòó lábẹ́ páànù náà tí kò tíì gbọ́ iye ìdì tó rà.

Ní ọdún 1991, ìròyìn kan dé láti Ìgándò. Wọ́n ní ọmọ ọdún méje kan lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò padà wálé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan ti di mẹ́ta lẹ́nu àwọn ará Ìkòtún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di mẹ́sàn-án, a sì ti mọ àwọ̀ mọ́tò tó gbé wọn. Gbogbo àdúgbò ní gbọ́mọgbọ́mọ ti dé.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá mú un nílé-ìwé, ó sì gbé e lọ sí Ọ̀tà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀ọ̀lì ló ń jẹ nígbà tí wọ́n bá a. Gbogbo wa dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ fún àwọn ọmọ pé ó sọnù kò rántí láti sọ fún wọn pé wọ́n ti rí i. Ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n.

Alága gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ kò bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ. Káńsù ti ń wí i pé àwọn fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ààbò gbogbo ilé-ìwé tó wà ní Alímọ̀ṣọ́, Alága sì ti wo káàdì rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé àyè kékeré kan ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dé síbi tí àwọn ọmọ ti ń tò lórí ìlà láàárọ̀. Ó ní òun wá fi àwọn ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ló fi fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àpò gbọ́mọgbọ́mọ ṣe tóbi tó. Ó ṣe bí ọmọ tó wà nínú àpò ṣe máa ń gbìyànjú àtisọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò ní jáde. Nígbà tó rí i pé gbogbo ọmọ ti dákẹ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló dùn mọ́ wọn, ó wá gbé ohùn sókè.

“Wọ́n lè gbé ojú bàbá rẹ wọ̀,” ni ó wí. “Ìwọ á rò pé bàbá rẹ ni, kì í ṣe bàbá rẹ. Bó bá pè ọ́, má tẹ̀ lé e.”

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ kí wọ́n lè bá a pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó gbà láti dá lọ sílé ìtọ̀. Ọmọ Praymárì Wáànù kan rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fi igbe ta. Lọ́jọ́ kejì, ogójì ọmọ kò wá sílé-ìwé. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti Nùsírátù, ọmọ Alága fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún méje tó wà ní Praymárì Túù. Ọmọ náà kò jẹun mọ́. Ó máa ń gbé báàgì lé itan láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, tí yóò máa wo fèrèsé. Mọ̀dínátù, ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà Gowon Estate, sọ fún tíṣà pé láràárọ̀ ni ọmọ náà ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wò, bóyá ojú náà yóò ká kúrò. Ó ní òun sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ààbò tó wà lọ́wọ́ òun.

Tíṣà tí mò ń wí yìí ni Àǹtí Tinúọlá, olùkọ́ Praymárì Túù. Obìnrin náà kò ní káàdì. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wọn pé wọ́n ti rí ọmọ Ìgándò, ó tilẹ̀ sọ ti bọ̀ọ̀lì. Wọ́n wá bi í pé ti ẹni tó bá gbé ojú bàbá ẹni wọ̀ ńkọ́.

“Ṣé ó lè mọ oríkì rẹ?” ni Àǹtí Tinúọlá bi wọ́n. “Orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ọ nílé, tí kò sí nínú ìwé orúkọ wa níbí. Ẹni tó bá wá mú ọ, kó dúró lẹ́nu géètì, kó pè é. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ mi lo máa wà.”

Àwọn ọmọ ronú sí i, wọ́n rí i pé ó dára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá sọ oríkì wọn sí i létí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ilé-ìwé ti gbà á lò. Àwọn tó sá padà wá. Bó bá di agogo kan ọ̀sán, bí ẹ bá dé ẹnu géètì wa, ẹ ó máa gbọ́ Àjàní, ẹ ó máa gbọ́ Àdùkẹ́, àwọn ọmọ yóò sì máa sáré jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá Ràímì, olùṣọ́ géètì, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìpè é. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ọmọ mi wà ní Praymárì Fóò, mo sì ní láti sá padà lọ bi ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo bi í. Nùsírátù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí ìyá rẹ̀ bá ti pe oríkì rẹ̀ láti ìta, yóò sọ báàgì kọ́ èjìká, yóò sáré lọ bá a.

Nígbà tí Alága gbọ́ pé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́, ó rántí pé òun ló ronú kàn án. Kò pẹ́ tí pátákó ńlá kan fi yọ lẹ́nu géètì, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: ÈTÒ ORÍKÌ FÚN ÀÀBÒ ỌMỌ, LÁTI ỌWỌ́ ALÀÁJÌ SÀKÀRÌYÁÙ. ẸNI TÍ KÒ BÁ MỌ ORÍKÌ KÒ NÍ MÚ ỌMỌ LỌ. Ẹ̀Ẹ̀KAN LA Ó PÈ É. KÒ SÍ OJÚSÀÁJÚ. Àǹtí Tinúọlá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wọ kíláàsì rẹ̀ lọ. Alága sì kọ lẹ́tà sí káńsù pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i.

Wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ni káńsù rán, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú fáìlì àti báírò dání. Alága mú Sùrájù onífọ́tò wá láti Ìkòtún. Gbogbo àwa òbí ti pé sẹ́nu géètì, nítorí agogo kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Alága sọ̀rọ̀ títí, ó wá ní òun yóò fi bí ètò náà ṣe ń lọ hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n pe Jàfárù wá láti Praymárì Síìsì. Èmi tí mo wà nítòsí rí i tó yọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti fi báírò kọ “Àkànní” síbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí béèrè pé ọmọ ta ni Jàfárù. Alága ní gbogbo wọn pátá ọmọ òun ni.

“Ẹ ò ní tiyín gan-an níbí?” ni Ilésanmí wí. “Ìyẹn ló máa dára jù nínú fọ́tò.”

Kò sí bí Alága ṣe fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ó ní òun ní, ó ní Nùsírátù ni, kí wọ́n lọ pè é ní Praymárì Wáànù.

“Praymárì Túù ni, sà,” ni Àǹtí Tinúọlá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. “Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀.”

Ó mú ọmọ náà wá. Alága na ọwọ́, Sùrájù gbé kámẹ́rà sójú, ṣùgbọ́n Bàbá Ràímì dúró láàárín méjèèjì.

“Oríkì rẹ̀, Alàájì.”

“Ràímì, ṣé o ò mọ̀ mí ni?”

“Mo mọ̀ yín, sà. Pátákó yín ni kò mọ ẹnì kankan.”

Alága rẹ́rìn-ín. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Àṣàkẹ́.” Nùsírátù kò mira. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́.” Bàbá Ràímì rán an létí pé ẹ̀ẹ̀kan ni pátákó náà wí, ṣùgbọ́n Alága ti gbéra: Àlàkẹ́, Àjọkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àyìnkẹ́, ó ń tò wọ́n bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń pe bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù. Àwọn òbí ti ń di ẹnu mú. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, tó fẹ́ yọ ọ́, béèrè bóyá wọn kì í lo oríkì nínú ẹbí wọn ni. Inú bí Alága. Ó ní ẹbí òun kẹ̀, òun Àkànbí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀. Ó ki ara rẹ̀ dé orí bàbá bàbá rẹ̀, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó máa parí, kò sẹ́ni tó lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́.

Ó wá di pé kó fi agbára mú un. Ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá Ràímì kọjá, ó ní kí ọmọ náà máa bọ̀ jàre, pé bàbá rẹ̀ ni. Nùsírátù sá sẹ́yìn Àǹtí Tinúọlá. Ó di aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Ẹ̀rín wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá mi ló sọ ọ́ lórí ìlà,” ni ọmọ náà wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ó ní ẹnì kan lè gbé ojú òun wọ̀ wá. Ó ní kí n má tẹ̀ lé e.”

Alága ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kò sì jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ti ọmọ náà ṣe mí jù. Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ta ló dá ètò yìí sílẹ̀ gan-an. Gbogbo wọn nawọ́ sí Àǹtí Tinúọlá. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì, orúkọ náà kò sì gba ju ìlà kan lọ.

Àsìkò náà ni Mọ̀dínátù dé, tépù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dúró níbi tó máa ń dúró sí, ó pè láti ìta, “Àwẹ̀ró.” Ọmọ náà gba abẹ́ apá Bàbá Ràímì jáde, ó dì mọ́ ọn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá bàbá òun gangan ni ọkùnrin yẹn.

Mọ̀dínátù wo ọkọ rẹ̀ láti fìlà dé bàtà.

“Òun ni,” ló wí. “Kò kàn mọ oríkì rẹ ni. Lọ kọ́ ọ.”

Alàájì Sàkàrìyáù, Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ bíríkìlà, lóṣòó sẹ́nu géètì níwájú gbogbo wa, agbádá rẹ̀ sì wà nínú erùpẹ̀. Ọmọ náà kò sún mọ́ ọn jù. Ó na ọrùn, ó sọ ọ́ sí i létí. Alága pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá Ràímì ní àwọn kò gbọ́. Ó pè é sókè.

Nùsírátù ronú sí i.

“Ẹ tún un pè,” ló wí.

Ó tún un pè. Ọmọ náà ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó na ìka kan ṣoṣo sí bàbá rẹ̀ pé kó dì í mú. Ọwọ́ kejì rẹ̀ kò kúrò lára ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi dé títì.