Ìgò Òògùn Tó Jẹ́jọ́ ní Arakale

Ẹjọ́ kan dé iwájú Olóyè Oríọlá ní Arakale lánàá, ìgò òògùn àsímà kan ló sì wà lórí àga olùjẹ́jọ́. Adépéjú ló gbé e síbẹ̀. Bí wọ́n bá dá òun fúnra rẹ̀ lẹ́bi, yóò kó ẹrù jáde nílé Bàbá Akíntóyè kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

“Olóyè, ọmọ ọdún mẹ́rin ni Goodness, ọmọ Adépéjú,” ni Bàbá Akíntóyè, onílé, wí. “Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gun orí mọ́tò mi, ó ń wàásù fún àwọn ewúrẹ́. Mo ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀, ó gé mi jẹ lápá.”

“Ìwàásù náà ńkọ́, ṣé ó dáa?” ni ìjòyè kan bi í.

“Ó gùn.”

Olóyè yíjú sí Adépéjú.

“Ọmọ mi kọ́ ló gé wọn jẹ, Olóyè. Òògùn yìí ni. Èémí rẹ̀ máa ń há, òun ni wọ́n fún un lọ́síbítù. Nọ́ọ̀sì sọ pé ó lè má jẹ́ kí ara ọmọdé balẹ̀.”

“Òògùn náà ní eyín?” Bàbá Akíntóyè ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Olóyè mú ìgò náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi sùúrù ka ohun tó wà lára rẹ̀. “Ìgbà wo lo gbà á?”

“Ó di ọjọ́ márùn-ún òní.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kó lò, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ta ló tún ń mu ún?”

Màmá Agnes, ìyá ọkọ Adépéjú, tó wá láti Oǹdó wá bá wọn tọ́jú ọmọ, rọra wúkọ́.

“Mo máa ń fún un bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ṣíbí kékeré kan.”

Adépéjú yíjú sí i. “Màmá, mo ti máa ń fún un kí n tó jáde.”

“O ò sọ fún mi.”

“Ẹ jẹ́ ká rí ṣíbí náà,” ni Olóyè wí.

Màmá Agnes yọ ọ́ nínú báàgì. Ṣíbí ìrẹsì ni.

“Èyí ló kéré?”

“Tí ẹ bá rí ti ọbẹ̀, ó kéré.”

“Ife tó bá òògùn wá dà?”

“Mo fi ń wọn ata gígún. Ó nílà lára, ó wúlò gan-an.”

Olóyè bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ díẹ̀.

“Òògùn ò jẹ̀bi. Ẹ gbé ọmọ náà padà lọ sọ́síbítù lónìí, kí dókítà mọ iye tó ti mu. Màmá Agnes ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò mọ́. Adépéjú ò ní kó jáde. Iye tí dókítà bá sì ní kí ọmọ máa mu, Akíntóyè ni yóò máa wọ̀n ọ́n, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

“Èmi kẹ̀, Olóyè? Kí ni mo ṣe?”

“Ìwọ ló máa ń gé jẹ bí òògùn bá pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tí yóò wọ̀n ọ́n dáadáa tó ọ.”