Adégbóyèga Fi Ọmọ Rẹ̀ Jọba ní Jẹ́léósinmi

Ẹ má bá Adégbóyèga wí jù. Bí ẹnu ènìyàn bá ti ṣíwájú rẹ̀ dé ayé, kí ni olúwa rẹ̀ yóò ṣe ju kó máa sáré tẹ̀ lé e lọ? Símẹ́ńtì ló ń tà ní Ọ̀kà Àkókó. Kò sí oníbàárà tí kò tíì sọ fún pé bàbá bàbá òun ku díẹ̀ kó jọba. Òótọ́ ni. Díẹ̀ tó kù náà ni pé wọn kì í ṣe ìdílé ọba.

Ọmọ rẹ̀, Tóbilọ́ba, wà ní kíláàsì Àǹtí Bridget ní jẹ́léósinmi. Àǹtí yìí ní ìwé aláwòrán kan tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ju ìrẹsì lọ: àwọn ẹranko gbé ẹjọ́ lọ bá ọba nítorí ẹni tó da omi kànga rú. Ó pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí kálukú di ìwé mú, kó sì ka tirẹ̀ sókè níwájú àwọn òbí. Ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ sọ́wọ́ Tóbilọ́ba. Ọmọ náà ké bí ọ̀pọ̀lọ́ nílé títí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé fi ń dá a lóhùn.

Inú bàbá kò dùn. Lọ́jọ́ eré náà gan-an ni àwa òbí yóò yan alága ẹgbẹ́ wa, ipò náà sì ti ń wu Adégbóyèga tipẹ́. Ta ni yóò dìbò fún bàbá ọ̀pọ̀lọ́? Ó lọ bá Àǹtí pé ọba ni ọmọ òun yóò ṣe.

Àǹtí ní, “Dádì Tóbi, ọba inú ìwé yìí kì í sọ̀rọ̀ sókè o. Etí agbẹnusọ ló ń sọ ọ́ sí, bíi ti ọba gidi.”

“Ẹ ṣáà fi í jọba. Ọba kì í wá ọ̀rọ̀ tì.”

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Adégbóyèga rí i lókèèrè lóòótọ́, ó sì sáré lọ kó ojú bá a.

Ó háyà adé ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ó pe oní-fọ́tò láti Àkùngbá, ó kó ẹbí wá láti Etioro. Àga kéékèèké àwọn ọmọ la jókòó lé, orúnkún wa ń bá àgbọ̀n wa ṣeré. Kábíyèsí wọlé. Adé yọ̀ wálẹ̀ dé àyà rẹ̀, a kò rí ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Oní-fọ́tò bi bàbá pé ṣé ó dá a lójú pé ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ibẹ̀.

Ewúrẹ́ kà, a pàtẹ́wọ́. Àgùntàn fo ojú ìwé kan, a ṣì pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ tuntun ké, a rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú. Gbogbo ohun tí ọba bá sọ, Ọdúnayọ̀, ọmọbìnrin tó ṣe agbẹnusọ, ló ń kéde rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ọba. Àwọn ará Etioro bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ọmọ ta ni agbẹnusọ yẹn.

Adégbóyèga dìde. Àga bá a dìde, nítorí ìdí rẹ̀ ti há sí i. Ó gbé e dé iwájú.

“Kábíyèsí, ẹ sọ̀rọ̀ kí ayé gbọ́.”

Kábíyèsí yí adé sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Tóbi, bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ sókè.”

Adé mì. Ọba tẹ̀ sí etí Ọdúnayọ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo ìwé rẹ̀, kò rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.

“Kábíyèsí ní kí bàbá yẹn lọ jókòó. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ lòun fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.”

Adégbóyèga kò ní láti wá àga kiri. Ó kàn tẹ orúnkún ni.

Nígbà tí eré parí, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe alága dìde. Adégbóyèga ti ń gbé ìdí díẹ̀díẹ̀, àga ń dún, nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ láti Etioro fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ padà.

“Sùúrù ná. Ṣé Kábíyèsí ti ní kó o dìde?”